Ẹ Lè Relé: Bí A Ṣe Ń Jí Ìyá Àgbà ní Ilé Ọlọ́kọ́

Nígbà tí Ìyá Àgbà ṣì wà láyé, ẹni tó bá gba iwájú ilé wa kọjá ní Mushin láàárọ̀ á rò pé à ń lé ìyá arúgbó kan jáde nílé ni. Á gbọ́ tí ọmọ kan á ní, "Ẹ lè relé." Òmíràn á tún sọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e, ohùn ọmọdé, ohùn àgbà, títí á fi kan Bọ̀dá Súlè, àkọ́bí Ìyá Àgbà, tí irun ti funfun lórí òun náà. Ìgbà yẹn ló máa wá gbọ́ ohùn ìyá arúgbó náà tó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Á yẹ ọ́." Ayálégbé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé tiẹ̀ fa màámi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa, pé a kì í sọ irú ẹ̀ sí òbí ẹni.

Ìkíni wa ni. Àwa náà ń sọ "Ẹ káàárọ̀" fún ará àdúgbò bíi gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹni tó dàgbà jù lọ, "Ẹ lè relé" la fi ń jí i. Òun nìkan náà ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn. Ìyá Àgbà ló kọ́ wa. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ òun, bàbá náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tirẹ̀, ìyẹn ọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣán igbó ibi tí ilé wa wà lónìí. Tẹ́ ẹ bá bi wá pé kí ló túmọ̀ sí, a ò mọ̀. Ohun tí etí wa ń gbọ́ ni pé ó lè máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé tí à bá máa lọ gan-an ni a ò ní.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn. Ní àdúgbò wa, tí Iléyá bá ti ku ọ̀la, ṣe ni gbogbo ilé máa ń dá páro. Àwọn ará Ìjẹ̀bú á ti lọ sí Ìjẹ̀bú, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà á ti forí lé Ìjẹ̀ṣà, tàwọn ti àgbò lẹ́yìn ọkọ̀. Orúkọ ọdún náà ti sọ ọ́ tán: ilé yá. Àwa nìkan la máa ń ṣẹ́ kù. Mushin la ti ń pa àgbò tiwa, tí a bá sì fẹ́ pín ẹran fún aládùúgbò, àgádágodo là ń bá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà á jókòó sí iwájú ilé nídìí máṣíìnì tó fi ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, téèpù á wà lọ́rùn ẹ̀ bí ẹni pé oníbàárà ń bọ̀, á máa wo àwọn tó ń di ẹrù. Ìyá Ràbí, ẹnu ọ̀nà kejì sí wa, kì í lọ láìbéèrè: "Màmá, ẹ ò tún ní lọ ilé lọ́dún yìí?" Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ojú Ìyá Àgbà tó bá fẹ́ dáhùn, ó sì máa ń dùn mí. Á ní, "A ṣì ń wá a."

Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bàbá tó ṣán igbó yẹn kò tó nǹkan. Ó dé nígbà tí igbó ṣì kún gbogbo ibẹ̀, tí ejò pọ̀ débi pé orí pákó tó gbé sókè sáàárín igi ló ń sùn. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló gbìn, ó ń rù ú lọ tà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Mushin ló ti fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ ló ti gba ẹ̀sìn, ibẹ̀ ló sì kú sí. Tí èèyàn bá bi í pé ìlú wo ló ti wá, á na ọwọ́ sí ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, á ní, "Òkè lọ́hùn-ún." Àwọn ọmọ rẹ̀ ò wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ò dárí ẹ̀ jì wọ́n títí tó fi kú. Ó máa ń sọ pé, "Wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ ẹ̀, wọn ò bi í léèrè ilé ẹ̀."

Ọlọ́kọ́ ni wọ́n ń pe bàbá náà, torí pé ọkọ́ kan ṣoṣo ló gbé lé èjìká dé. Orúkọ yẹn dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín Ìyá Àgbà àti Bọ̀dá Súlè. Bọ̀dá ló tún iwájú ilé kùn, ó wá ní kí akunlé kọ ILE OLOKO gàdàgbà sára ògiri, láìfi àmì kankan sí i. Ládìpọ̀ ni Bọ̀dá ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Gbogbo oníbàárà tó bá wá a wálé, "Ọlọ́kọ̀" ni wọ́n ń kà á, wọ́n gbà pé bàbá ńlá wa ló kọ́kọ́ ní ọkọ̀ akẹ́rù ládùúgbò. Bọ̀dá ò tún un ṣe fún wọn, nítorí ó ń tà fún un. Nígbà tó yá, òun fúnra ẹ̀ ń sọ ọ́ pé ta ló mọ̀, bóyá bàbá náà ra ọkọ̀ kan nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dé etí Ìyá Àgbà, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, ó gun àpótí, ó fa àmì ohùn òkè sórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Òjò fọ̀ ọ́, ó tún fà á. Bọ̀dá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀ kó má baà ṣubú, pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọkọ́ ló gbé dé. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀, kó máa lọ sí Ládìpọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí sí ọ̀rọ̀, pàápàá jù lọ sí "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Gbogbo èèyàn ló ń lò ó fún: òṣìṣẹ́ iná tó wá gé wáyà, ọmọ tó wá wọn yunifọ́ọ̀mù, títí kan alágbe. Ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ sí òun láìfi í kún un, Ìyá Àgbà ò ní gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo mú ọmọkùnrin tí mò ń fẹ́ wálé, ó ti ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn ní Yaba bọ̀, jíǹsì ló wọ̀, ó sì gbìyànjú, nítorí ó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Màmá, how far, báwo ni?" Ìyá Àgbà bojú wo ẹsẹ̀ máṣíìnì ẹ̀. Ó ní kó jáde padà, kó tún wọlé. Ó jáde. Ó dúró sójú títì díẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń wò ó, ó tún wọlé, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Màmá, ṣé dáadáa lẹ wà?" Ọkọ mi ni lónìí, òun ló sì máa ń sọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún un lọ́jọ́ yẹn fún àwọn ọmọ wa: "Ẹ yẹn ò wúwo. Ẹ máa gbé e."

"Ẹ" yìí kan náà ló pa á lára níbi tó ti ń wá ilé bàbá rẹ̀, kò sì mọ̀.

Ọgbọ́n tó dá ni pé, nígbà tí kò ti sí orúkọ ìlú, ìkíni ló máa fi wá a. Ó ti gbọ́ pé lápá ibì kan ní ìlà-oòrùn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kí ara rẹ̀ láàárọ̀. Nítorí náà, oníbàárà tuntun tó bá dé, tó bá ti wọ̀n ọ́n tán, tó ti béèrè ìlú ẹ̀, á rọra ṣí jìgí lójú, á ní, "Ẹ lè relé." Lẹ́yìn náà á máa wo ojú ẹni náà bóyá ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àwọn kan á kàn kó ẹrù wọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Tíṣà kan bínú, ó ní òun ò tíì sanwó, kí ló dé tí wọ́n ń lé òun. Obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì dá a lóhùn pé, "Ọjà mi ò tíì tán, Màmá, tó bá di ìrọ̀lẹ́." Àwa ọmọ á máa fi aṣọ bo ẹnu wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti pa ẹ̀rín mọ́ra. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó pe Bọ̀dá Súlè lọ́jọ́ kan lójú gbogbo wa, ó ní, "Tí mo bá rí ilé bàbá mi kí n tó kú, ibẹ̀ ni kí o gbé mi lọ sin. Mi ò fẹ́ kí n jẹ́ àlejò lókè ilẹ̀, kí n tún jẹ́ àlejò lábẹ́ ẹ̀." Bọ̀dá ṣèlérí fún un. Ó máa ń mú ìlérí ṣẹ, ìyẹn gan-an ló wá fa wàhálà níkẹyìn.

Ọjà Ọ̀yìngbò ló ti rí i, níbi tí a ti lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Bàbá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ojú oorun ṣì wà lójú ẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, ó ní, "Lèrelé."

Ìyá Àgbà ti bá a wí kí èmi tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni bàbá yìí? Fi ẹ sí i."

Bàbá náà ò tíì bojú wò wá. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní, "Á yẹ ọ́."

Mo rí i tí báàgì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ó jókòó sórí òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, òun tí kì í jókòó níbi tó dọ̀tí. Bàbá náà bi í pé, "Màmá, ṣé kò sí?"

"Kí lọmọ yẹn sọ?"

"Ó kí mi ni. Bí a ṣe ń kí nílé tiwa nìyẹn."

"Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Lèrelé."

"Kò sí ẹ níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lápá ọ̀dọ̀ àwọn, lẹ́yìn Oǹdó lọ́hùn-ún, àtọmọdé àtàgbà, "o" ni wọ́n ń pe ara wọn, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Ó wá béèrè ìlú tí Ìyá Àgbà ti wá. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún mi."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yé wa nìyẹn. Bàbá ńlá wa gbé Lèrelé dé inú igbó Mushin. Àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀ dàgbà láàárín àwọn tó ń fi "ẹ" kí àgbà, ojú sì ń tì wọ́n láti pe bàbá wọn bí ẹni ń pe ọmọdé. Wọ́n fi "ẹ" síwájú rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di gbólóhùn tó nítumọ̀, ìtumọ̀ náà ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ mọ́. Ọ̀wọ̀ ti bo ohun tí Ìyá Àgbà ń wá mọ́lẹ̀.

Bọ̀dá Súlè ló wà wá lọ síbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, torí wọ́n ní ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí kò tíì parí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n wá fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti ṣíwájú wa dé. Olórí ẹbí jókòó sí àgbàlá, ó ju Ìyá Àgbà lọ dáadáa. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, gbogbo wa sì ti kọ́ ọ nínú ọkọ̀ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́. Ó la ẹnu, ó ní, "Ẹ lè relé." Àwọn ọmọ ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó náà ò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Á yẹ ọ́, ọmọ mi." Láti ìgbà tí bàbá Ìyá Àgbà ti kú, òun ló ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn rí. Ó sunkún. Èmi náà sunkún, Bọ̀dá Súlè ní eruku ló kó sí òun lójú.

Wọ́n fi àyè kan hàn wá láàárín ilé méjì. Wọ́n ní bàbá bàbá àwọn ló fi sílẹ̀ de àbúrò ẹ̀ tó sọ pé òun ń lọ wo ojú ọ̀nà rélùwéè, pé òun ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀ látọjọ́ yẹn, ewébẹ̀ ni wọ́n ń gbìn sí i. Wọ́n ní tiwa ni. Kíá ni Bọ̀dá Súlè ti ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí yàrá máa wà, ó sì fohùn sílẹ̀ sọ fún màámi ibi tí sàréè máa wà. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó já tẹ̀tẹ̀, ó dì í sínú gèlè ẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Bọ̀dá ní, "Màmá, Alhamdulillahi. A ti ríbi tí a máa gbé yín wá." Ìyá Àgbà ní, "Súlè, wo iwájú ẹ." Mushin la ti se tẹ̀tẹ̀ náà. Bíi tẹ̀tẹ̀ ló rí lẹ́nu.

Nígbà tí Iléyá tún dé, tí Ìyá Ràbí ń di ẹrù, ó béèrè ìbéèrè ẹ̀. Ìyá Àgbà ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti lọ, mo ti bọ̀."

Ìjà tó kẹ́yìn láàárín òun àti Bọ̀dá nìyí. Bọ̀dá kó gbogbo ọmọ ilé jọ, ó ní níwọ̀n ìgbà tí a ti mọ òótọ́, kí a yọ "ẹ" kúrò, Lèrelé ni kí a máa sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ń tẹ máṣíìnì ẹ̀ lọ, kò dá ẹnì kankan lóhùn. Bọ̀dá ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn o." Ó dá máṣíìnì dúró. Ó ní, "Bàbá gbé e dé láìsí ẹ. Mushin ló fi ẹ sí i. Mushin ni wọ́n bí èmi sí." Gbogbo wa padà sí ti tẹ́lẹ̀, àfi Bọ̀dá. Agídí ìyá ẹ̀ ló jogún. Láràárọ̀ kó tó lọ sí Ládìpọ̀, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Lèrelé." Ìyá Àgbà á ní, "Káàárọ̀, ará Oǹdó." Ẹ̀rín la fi ń rín in, ṣùgbọ́n èmi máa ń wo ojú Bọ̀dá tó bá ń dìde. Kò gbọ́ "Á yẹ ọ́" lẹ́nu ìyá ẹ̀ mọ́ títí tí ìyá náà fi kú.

Ó kú lójú oorun. Màámi ló lọ jí i láàárọ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó retí ìdáhùn. Bọ̀dá pe àwọn ará ilé lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Oǹdó, lórí fóònù. Kó tó di pé wọ́n wẹ òkú tán, ìlú ti pè padà pé àwọn ti ń gbẹ́ sàréè sí àyè tiwa láàárín ilé méjì yẹn, Bọ̀dá sì ti gba ọkọ̀ tó máa gbé e. Màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ìyá òun ò lọ ibì kankan. Bọ̀dá ní òun ti ṣèlérí, gbogbo wa la gbọ́ ọ, Màmá ò sì fìgbà kan sọ pé kí òun má mú un ṣẹ. Òótọ́ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀. Màámi ní, "Ó sọ ọ́, Bọ̀dá. Láràárọ̀ ló ń sọ ọ́ fún yín: 'Káàárọ̀, ará Oǹdó.'" Ààfáà ń wo aago ẹ̀. Awakọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀. Mi ò ní parọ́, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa gbé e lọ, pé tí n bá fẹ́ kí ìyá mi àgbà, màá ní láti wọkọ̀ lọ bá a láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Bọ̀dá Súlè wọ yàrá lọ. A tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, ó kéré ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àyè tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti máṣíìnì ò tó fún ọkùnrin tó sanra, àmọ́ Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò kó lè gba ibẹ̀.

Ó ní, "Ẹ lè relé."

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọ́ wa pé èèyàn máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, a sì dúró. Lẹ́yìn náà, Bọ̀dá dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò ẹ̀, ó jáde lọ bá awakọ̀, ó ní kó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ̀, ibí ni Màmá máa sùn sí.